Ẹ̀yin aṣòfin Texas, ta ló máa lajú sílẹ̀ lóru?

Sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas, ní Austin.

Mo kí yín o, ẹ̀yin aṣòfin. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ mi obìnrin ló máa tú lẹ́tà yìí sí Gẹ̀ẹ́sì fún yín, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bu iyọ̀ sí i, kó má sì bù ú kúrò. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí pé àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Houston níbí, láti Alief títí dé Missouri City, tí àwọn náà, bíi tèmi, ń gba ọmọ tí ìjọba mú kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ tọ́. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n ń kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, àwọn kan tilẹ̀ ló ni ilé ọ̀hún. Mo fẹ́ kí àwọn náà kà á. Ìdí kejì ni pé ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí, Yorùbá ni mo máa ń bá a sọ lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni, kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Òfin kò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àkànní. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ mi. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Òṣìṣẹ́ tó mú un wá ń tòògbé lórí ìdúró; ó ní láti aago mẹ́jọ àárọ̀ lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ohun tí Àkànní ní láyé wà nínú ọ̀rá dúdú ńlá kan, irú èyí tí à ń da pàǹtí sí. Nígbà tí mo tú u, mo bá ṣòkòtò mẹ́ta, ẹ̀wù kan tí kò gbà á mọ́, àti bàtà méjì tó jẹ́ pé ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni méjèèjì. Ti òsì ti sọnù sọ́nà, nínú ilé mẹ́ta tó ti gbé kó tó kàn mí, láàárín oṣù mẹ́rìnlá.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo lọ yọjú wò ó. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni. Ó ní ilé tí òun ti ń bọ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ wọn lóru a máa sùn lọ lórí àga, àwọn tó dàgbà nínú wọn a sì máa wọ yàrá àwọn kékeré. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò bi í. Mo lọ gbé àga kan wá láti ilé ìdáná, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo jókòó. Mo ní, "Sùn, ọkọ mi. Mo wà níbí. Mi ò ní sùn." Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. (Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má tú "ọkọ mi" ní tààrà o, kí wọ́n má lọ pe ọlọ́pàá sí mi.) Ó tó wákàtí kan kí ojú rẹ̀ tó pa dé.

Iṣẹ́ òru kò ṣàjèjì sí mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kí n tó yí i sí ti ọ̀sán nítorí àwọn ọmọ tí mò ń gbà. Mo mọ bí aago mẹ́ta òru ṣe ń rí lójú ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tó tún ní iṣẹ́ kejì lọ́sàn-án. Nítorí náà mi ò bú ẹni tó sùn lórí àga yẹn. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú, tó tún fi òun nìkan ṣọ́ ọmọ mẹ́sàn-án, ni mo fẹ́ bá wí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó fún ẹni yẹn.

Àwọn àgbà wa ní ojú kan níí bímọ, igba ojú níí wò ó. Igba ojú wà ní Texas lóòótọ́: ojú CPS (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọ), ojú iléeṣẹ́ aládàáni, ojú adájọ́, ojú lọ́yà ọmọ, ojú àwọn tó ń wá yẹ ilé wò tí wọ́n ń wọn bí omi gbígbóná ṣe gbóná tó lẹ́nu ẹ̀rọ. Àmọ́ tó bá di aago méjì òru, gbogbo igba ojú náà ti lọ sílé lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí yín, ó kúkú ti ná yín lówó. Lọ́dún 2011, wọ́n pe ìpínlẹ̀ Texas lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Corpus Christi, lórúkọ àwọn ọmọ tó ti pẹ́ lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba. Ní oṣù Kejìlá 2015, Adájọ́ Janis Graham Jack dá a lẹ́jọ́ pé ìpínlẹ̀ ń tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ yìí mọ́lẹ̀, àti pé ọgbẹ́ tí wọ́n ń gbé jáde lọ́wọ́ ìjọba pọ̀ ju èyí tí wọ́n gbé wọlé lọ. Lára ohun tó wá pa láṣẹ lẹ́yìn náà ni pé ilé tí ọmọ inú rẹ̀ bá ti ju mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà tó wà lójúfò tọ̀sán-tòru. Ẹ tún un kà. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ló jókòó, tó fọwọ́ síwèé pé kí àgbàlagbà kan má sùn. Ní oṣù Kọkànlá 2019, ó rí i pé wọn ò ṣe é, ó bu ìtanràn 50,000 dọ́là lé ìpínlẹ̀ lórí lójoojúmọ́. Ìpínlẹ̀ san 150,000.

Mo fi bírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé iná mi. Ká ní ẹ ń san dọ́là 15 ní wákàtí kan fún ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ lóru, fún wákàtí mẹ́jọ, dọ́là 120 nìyẹn lálẹ́ kan. Ìtanràn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ì bá sanwó òru 1,250. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ẹnì kan ì bá fi lajú sílẹ̀ nínú ilé kan. Ẹ rí owó san, àmọ́ ọwọ́ tí kò yẹ lẹ san án sí.

Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn náà. Ní oṣù Kẹrin 2024, adájọ́ yẹn tún bu ìtanràn 100,000 dọ́là lójúmọ́ lé yín lórí, nítorí pé àwọn tó yẹ kó wádìí ẹ̀sùn tí àwọn ọmọ fi ń sùn kò wádìí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní New Orleans fagi lé e, wọ́n sì gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú yín yọ̀. Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nìyẹn, mi ò sí níbẹ̀. Bí ẹnu adájọ́ bá mú jù, ẹ yí adájọ́ padà. Ọmọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ṣì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin wá rò ó, ẹ ní ìjọba ló bà á jẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé e fún aládàáni. Lọ́dún 2017 lẹ ṣe òfin Senate Bill 11, tí ẹ fi fẹsẹ̀ ètò tí ẹ ń pè ní Community-Based Care múlẹ̀. Fún àwọn èèyàn wa tí kò mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń lọ nìyí: ìjọba á pín Texas sí ẹkùn-ẹkùn, á fa ẹkùn kọ̀ọ̀kan lé iléeṣẹ́ kan lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ yẹn á kọ́kọ́ máa wá ilé tí àwọn ọmọ máa gbé. Tó bá yá, á gba iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ CPS tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́ ọn, títí kan ti àwọn òbí àti mọ̀lẹ́bí. Ìwádìí ẹ̀sùn àti owó sísan ló kù sọ́wọ́ ìjọba. Irú rẹ̀ ti wọ Fort Worth láti 2014, ṣáájú òfin náà, ó ti dé Abilene, Amarillo, Lubbock àti Dallas, èrò yín sì ni pé kó kárí gbogbo county (bí ìjọba ìbílẹ̀) 254 tó wà ní Texas.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ẹni tó bá ti jẹ́ aládàáni ti di olè. Èmi gan-an, abẹ́ aládàáni ni mo wà. Ilé alágbàtọ́ tó pọ̀ jù ní Texas, iléeṣẹ́ aládàáni ló ń bójú tó o, ó sì ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀ ṣáájú òfin yín. Ṣebí ìgbà tí agbára tó pọ̀ jù ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ni adájọ́ dá ẹjọ́ 2015? Ìjọba ló jẹ̀bi nígbà yẹn. Àwọn ará Fort Worth tí mo mọ̀ sì sọ fún mi pé àwọn rí ìyàtọ̀, pé ọmọ kì í jìnnà sílé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ tèmi kò ju ọ̀kan lọ: iṣẹ́ lẹ lè gbé fún aládàáni, ẹ ò lè gbé ọmọ fún un. Adájọ́ kọ ọ́ síwèé pé ìpínlẹ̀ Texas ló wà ní ipò òbí fún ọmọ yìí. Aládàáni tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn, á kọ lẹ́tà ẹ ṣeun, á máa lọ.

Ó kúkú ti ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹni tí ẹ kọ́kọ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún ni Providence, iléeṣẹ́ láti Arizona, fún county 60 ní ìwọ̀-oòrùn Texas. Nígbà tó di 2014, ó ní òun ò ṣe mọ́, owó kò kájú ẹ̀. Ní 2021, èyí tó gba iṣẹ́ San Antonio náà tún kó ẹrù rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ tó lé ní 400 sùn nínú ọ́fíìsì CPS, nínú hòtẹ́ẹ̀lì àti níbi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, nínú oṣù kan ṣoṣo, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ tún ń pín òru ṣọ́ wọn.

Bí ẹ bá ní Texas tóbi, kò jọ ibòmíràn, ẹ wo Nebraska. Lọ́dún 2019, ìjọba ibẹ̀ fẹ́ gbé àwọn ọmọ Omaha àti agbègbè rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Èyí tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ní mílíọ̀nù 341 dọ́là ló máa gbà fún ọdún márùn-ún. Saint Francis Ministries láti Kansas ní mílíọ̀nù 197 tó òun. Ìyá tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ pé tí ẹnì kan bá ń ta ọ̀pọ́n gàrí kan náà ní iye tó fẹ́ẹ̀ẹ́ má ju ìdajì lọ, yálà ó fi ìdí ọ̀pọ́n sókè ni tàbí kó mọ̀ pé òun ò ní sí lọ́jà lọ́la. Ìjọba Nebraska gbé e fún un. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi sọ pé owó ń tán lọ, ìjọba sáré kọ kọ́ńtíráàtì pàjáwìrì míì. Kí 2021 tó parí, wọ́n ti kéde pé àwọn fagi lé gbogbo rẹ̀, pé ìjọba á gba iṣẹ́ náà padà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn fún Nebraska. Ní 2009 wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e fún agbaṣẹ́ṣe márùn-ún, nígbà tó fi máa di 2012, ẹyọ kan ló kù.

Kansas ló kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo Amẹ́ríkà, láti 1996 sí 1997. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá 2017, àwọn aṣòfin ibẹ̀ bi àwọn agbaṣẹ́ṣe pé ọmọ mélòó ló sọnù lọ́wọ́ wọn. Ó lé ní 70. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ jókòó níbẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ nípa àwọn ọmọ mẹ́ta tó sọnù, tí ọ̀rọ̀ wọn ló fa ìbéèrè yẹn. Èyí gan-an ló ń já mi láyà ju ti owó lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ èèyàn, ìmọ̀ náà ń bá a lọ. Tí ẹ bá lé àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí lọ tán, tí agbaṣẹ́ṣe wá sá, ta ni máa gbà á padà?

Mo mọ bí sísá agbaṣẹ́ṣe ṣe ń rí láti inú ilé. Ọjọ́ Ẹtì ni ímeèlì náà dé. Iléeṣẹ́ tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ (mi ò ní dárúkọ rẹ̀) ní òun ò ṣe iṣẹ́ yìí mọ́, pé a ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wá ibòmíràn lọ. Àkànní ti lo oṣù mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Mo wà lórí fóònù pẹ̀lú alágbàtọ́ ẹgbẹ́ mi kan, mo ń sọ pé "wọ́n ní ká máa lọ," mo rò pé ọmọ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀, ó ti ká aṣọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sínú ọ̀rá dúdú yẹn. Mo ti rò pé mo jù ú nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló tọ́jú rẹ̀ sí láti ọjọ́ tó dé. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàtà mẹ́rin tó dáa ni mo ti rà fún un.

A rí iléeṣẹ́ mìíràn, kò kúrò lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sí lára àwọn tí iléeṣẹ́ tuntun ń lò, ó di ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà yí padà. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn ló ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń ṣe ojúlùmọ̀ ọmọ. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta jókòó sórí àga ìdáná mi, tó ń wá bírò nínú báàgì, Àkànní dúró síwájú rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní: "Sìpàgẹ́tì. Búlúù. Ajá, àmọ́ mi ò ní ajá." Obìnrin náà ò tíì bi í ní nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún. Èèyàn dáadáa ni. Oṣù márùn-ún ló lò, ó lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ owó wàyí, nítorí owó ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí ẹ ṣe ń san owó alágbàtọ́ ní ìpele-ìpele ti pẹ́: ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ọmọ tí ìṣòro rẹ̀ le wà lókè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpele ìsàlẹ̀ jẹ́ dọ́là 27.07 lójúmọ́ fún ìdílé tó gba ọmọ, ti òkè pátápátá jẹ́ 92.43. Ó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ nígbà tí Àkànní bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, tó dẹ́kun jíjà nílé ìwé, wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ara rẹ̀ ti ń yá, wọ́n mú un wá sí ìpele ìsàlẹ̀. Inú mi dùn. Owó já. Ti iléeṣẹ́ tó wà lókè mi náà já. Èmi gba kámú, mo ní iṣẹ́ mi. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ẹ gbé ọmọ fún ẹni tó ń ṣòwò, ẹ wá sọ fún un pé bí ọmọ bá ṣe ń sàn sí i ni owó rẹ̀ á ṣe máa dínkù. Mo ti rí ilé tí wọn kì í fẹ́ kọ ìròyìn rere nípa ọmọ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn, èdè wa ni wọ́n ń sọ. Mo ní mi ò ní sọ ọ́, mo ti sọ ọ́. Ẹ ti ń gbé ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní T3C bọ̀ láti tún èyí ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ iye owó síwájú ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣètò nǹkan kan fún ilé tí ọmọ ti sàn, kó má jẹ́ pé ìyà ni wọ́n fi san án fún un.

Apá ti ìjọba àpapọ̀ tún wà níbẹ̀ tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Washington ń dá díẹ̀ padà fún yín nínú ohun tí ẹ bá ná lórí ọmọ, lábẹ́ òfin Title IV-E. Àmọ́ kì í ṣe lórí gbogbo ọmọ. Ó ní láti jẹ́ ọmọ tí wọ́n mú kúrò nínú ilé tó tálákà, òṣùwọ̀n òṣì tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n títí dòní ni ti ètò ìrànwọ́ kan tí wọ́n ti pa rẹ́ ní 1996. Iye tó wà níbẹ̀ lọ́dún náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ìrẹsì gbówó lórí, ilé gbówó lórí, òṣùwọ̀n dúró síbi tó wà. Nítorí náà, lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tí Washington ń bá yín sanwó lé lórí ń dínkù, tí ẹrù sì ń wúwo sí i lórí yín. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bá jà lórí owó, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ló kù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Àkànní pé ọdún méjì lọ́dọ̀ mi, wọ́n rí àbúrò ìyá rẹ̀ ní Beaumont. Ọmọbìnrin náà ò mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wà lọ́wọ́ ìjọba. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bínú síra wọn tipẹ́. Ọjọ́ tó gbọ́ ló ní òun ń bọ̀ wá gbé e. Mo sunkún, kí n má purọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó jọ ọ́ débi tí mo fi rò pé ìyá rẹ̀ ló wọlé.

Oṣù kejì, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú, èló ni wọ́n ń san fún yín lórí rẹ̀?" Ojú tì mí. Mo rọra yí ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí pé mo mọ òfin náà: House Bill 4, ọdún 2017 kan náà, ní ìbátan tí kò ní ìwé àṣẹ alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì owó ìpele ìsàlẹ̀ lọ, fún oṣù méjìlá, tí wọ́n bá sì gbà, oṣù mẹ́fà sí i. Àjèjì ni mo jẹ́ sí ọmọ yìí, mo gba odindi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà á, ìdajì. Ọmọ kan náà, ikùn kan náà, sìpàgẹ́tì kan náà. Kí ló dé tí kò lọ gba ìwé àṣẹ, àwọn kan á sọ bẹ́ẹ̀. Yàrá méjì ló wà ní ilé rẹ̀, àwọn ọmọ méjì ló ti ní tẹ́lẹ̀, alẹ́ ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìwé ìlànà yín, kí ẹ sọ fún mi ibi tó máa gbà wọlé.

Nílé wa, gbígbé ọmọ fún ìbátan tọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Mo mọ àwọn tí wọ́n sọ di ọmọ ọ̀dọ̀. A tilẹ̀ ti dán ti àjèjì olówó wò rí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní England ń gbé ọmọ wọn fún àwọn obìnrin òyìnbó tọ́, wọ́n ń san owó fún wọn lọ́sẹ̀, wọ́n ń polówó ọmọ nínú ìwé ìròyìn Nursery World báyìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin wà lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó tọ́ ọ ṣe dáadáa fún un, ó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́jọ́ ikú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n mú un padà sí Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Títí tó fi kú, ó ṣì ń pe ìyá rẹ̀ ní "mama yín" tó bá ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti ní ìlànà ọ̀tọ̀ fún ìbátan, kí wọ́n rọrùn fún un, kí wọ́n sì san iye tí wọ́n ń san fún àjèjì fún un, tí Washington á sì dá tirẹ̀ padà níbẹ̀. Àyè ti wà nílẹ̀. Ẹ lò ó dé ibi tó lè dé, láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọlé, kó má jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti ta mọ́tò. Kí ẹ tó san dọ́là kan fún agbaṣẹ́ṣe láti wá ilé fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ sanwó fún ilé tó ní.

Ní ti àwọn agbaṣẹ́ṣe, bí ẹ bá máa gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ má fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nítorí pé ó kéré jù. Kí wọ́n fi owó sílẹ̀ sí báńkì tó máa gbé àwọn ọmọ fún oṣù mẹ́fà, kí ọgbọ̀n ọjọ́ má tún ba ọmọ kankan lójijì bó ṣe bá tèmi. Kí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ máa tẹ̀lé ọmọ, kó má máa tẹ̀lé iléeṣẹ́. Ẹ tọ́jú òṣìṣẹ́ ìjọba tó pọ̀ tó láti gba iṣẹ́ padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá sá. Kí àwọn tó ń yẹ ilé wò sì máa wá lóru. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe nílé mi, ọ̀sán ni, wọ́n sì máa ń pè kí wọ́n tó wá.

Oṣù Kìn-ín-ní 2027 lẹ tún máa jókòó ní Austin, fún ọjọ́ 140. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ fi orúkọ mi sí i. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ máa ń fún èèyàn, aago pupa á sì tàn. Mo ti ní kí àbúrò ìyá Àkànní bá mi lọ, ó ní òun á wo bí iṣẹ́ bá gba òun láyè. Ọmọ náà ń pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ó ń sùn. Ó ní òun ń sùn, pé tí àǹtí òun bá lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ẹni tó ń gbé nílé kejì máa ń wá jókòó tì wọ́n. Mo bi í pé ta ló ń sanwó fún ẹni yẹn.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń san án, Mà. Ó kàn máa ń wá ni."

Èmi ni tiyín,
Alágbàtọ́ kan ní Alief, Houston.